‘Guy’: Bí Orúkọ Ọlọ̀tẹ̀ Ṣe Di Orúkọ Ọ̀rẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé, lẹ́yìn tí ó ti balẹ̀ tí ó ti fọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni ó ń ti inú rẹ̀ jáde. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni ‘guy’ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ń pè ní ‘gáì’. Lójoojúmọ́ ni a ń gbọ́ ọ ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ní ibùdókọ̀ àti ní pápá ìṣeré. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí ń sọ ọ́ ni ó mọ̀ pé orúkọ ọkùnrin kan tí a pa ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1606 ni wọ́n ń dá.

Guy Fawkes ni ọkùnrin náà. Ìlú York ni a bí i sí ní ọdún 1570. Nígbà tí ó dàgbà, ó di ọmọ ìjọ Àgùdà, ó sì lọ ṣe ọmọ-ogun fún Sípéènì. Ní àkókò náà, ojú àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń rí màbo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti lọ sí ìjọ tí ìjọba fọwọ́ sí yóò san owó ìtanràn. Àlùfáà Àgùdà tí ọwọ́ bá sì tẹ̀ lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Nígbà tí James Kìíní gorí ìtẹ́ ní ọdún 1603, wọ́n rò pé ìtura dé, ṣùgbọ́n ìrètí wọn já sí asán. Ni Robert Catesby bá kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n sì dìtẹ̀ láti fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mọ́ ọba àti àwọn ìjòyè lórí ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, ọdún 1605. Guy Fawkes ni wọ́n fi ṣọ́ àgbá ẹ̀tù 36 tí wọ́n kó pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé náà. Lẹ́tà kan tí kò ní orúkọ ni ó tú àṣírí wọn. A mú Fawkes ní òru, kí ilẹ̀ tó mọ́. John Johnson ni ó kọ́kọ́ pe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà tí a fi jẹ ẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, ọdún 1606, ó kú ikú ọlọ̀tẹ̀.

Ikú kò pa orúkọ rẹ̀. Ìjọba ṣe òfin pé kí a máa dúpẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún. Òfin náà wà títí di ọdún 1859. Àwọn ará ìlú ń dá iná ńlá, wọ́n sì ń ju ère sínú rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ère Fawkes tí a fi àkísà àti koríko ṣe ni ó gbilẹ̀ jù, ‘guy’ ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn ọmọdé a máa gbé e kiri láti fi tọrọ owó. Láti ara ère ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sára ènìyàn: ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ẹni tí ìmúra rẹ̀ bá rí wúruwùru ni a ń pè ní ‘guy’. Èébú ni nígbà náà.

Nígbà tí ó sọdá òkun dé Amẹ́ríkà, èébú náà ṣí kúrò lára rẹ̀. Láti nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún náà, ‘guy’ di ọkùnrin lásán níbẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi ‘guys’ pe ọkùnrin àti obìnrin pọ̀. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ‘gáì’ ẹni.

Bí a bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, a ó bá ‘guy’ méjì pàdé. Èkíní ni okùn tí a fi ń de àgọ́ tàbí òpó kí ó má ba à ṣubú; ọ̀tọ̀ ni orírun tirẹ̀, kò bá Fawkes tan. Èkejì ni ti Fawkes: ère, ẹlẹ́yà, ọkùnrin. Èyí fi hàn pé ẹnu ènìyàn ni ó ń ṣáájú, ìwé a sì máa tẹ̀ lé e. Apá kìíní ìwé atúmọ̀ ńlá ti Oxford jáde ní ọdún 1884, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di ọdún 1928, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣà jọ láti fi ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́. Èkíní, olùkọ́ tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ìgboro kì í ṣe ọ̀rọ̀ kò tíì wo ẹ̀yìn wò. Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ‘guy’ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tàbí tí ó fi pe ẹni tí ó tó bí i lọ́mọ, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Ó yẹ kí a fi ibùgbé ọ̀rọ̀ hàn án kí a tó fi gègé pupa fa ìlà sí i.

Èkejì kan èdè tiwa. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni a fi mọ díẹ̀ nínú bí àwọn baba wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá padà ní ìgboro lójoojúmọ́. Bí àwọn tí ń kọ́ èdè yìí kò bá kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti ibi tí a ti gbọ́ wọn, àwọn ọmọ wa yóò máa sọ wọ́n láìmọ orírun wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá orúkọ Fawkes tí a kò mọ̀ ọ́n.