Pápá Góòfù Oníhò Méjìlá ní Erékùṣù Arran

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè pé ihò mélòó ni ó yẹ kí ó wà nínú pápá góòfù, méjìdínlógún ni wọn yóò wí, bí ẹni pé láti ọ̀run ni àṣẹ náà ti wá. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní St Andrews, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ihò 22 ni wọ́n ń gbá yípo títí di ọdún 1764, nígbà tí wọ́n pa díẹ̀ pọ̀ nínú wọn, tí iye náà sì di 18. Ní Prestwick, 12 péré ni wọ́n là ní 1851. Lórí méjìlá yìí ni ọkùnrin mẹ́jọ ti figagbága nínú ìdíje Open àkọ́kọ́ ní 1860. Wọ́n yí pápá náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo, Willie Park sì fi ìgbá 174 borí.

Ní òdìkejì omi sí Prestwick ni erékùṣù Arran wà. Ní etíkun rẹ̀ ti ìwọ̀-oòrùn, ní Blackwaterfoot, ni wọ́n dá pápá Shiskine sílẹ̀ ní 1896. Willie Fernie ará Troon, ẹni tí ó borí nínú Open ní 1883, ni ó la ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Òkun wà nísàlẹ̀. Àpáta Drumadoon nà ró lókè bí ògiri. Nítorí náà, ilẹ̀ ni ó ń pàṣẹ, ènìyàn ni ó ń tẹ̀ lé e. Ihò kẹta, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìtẹ́ Kannakánná, wà lórí òkè níbi tí ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ kò lè rí i.

Ní 1912, Willie Park kékeré, ọmọ ẹni tí ó borí lórí ihò méjìlá Prestwick, sọ Shiskine di oníhò 18. Àwọn kan nínú ihò tuntun náà gun orí òkè Drumadoon lọ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dé, a kò tọ́jú wọn mọ́, igbó sì gbà wọ́n. Méjìlá ni ó ṣẹ́ kù, méjìlá náà ni ó wà títí di òní, àwọn ènìyàn sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, òṣùwọ̀n a máa ní ìlú tí a ti bí i. Ó rọrùn fún àwa tí ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò láti gbé òṣùwọ̀n ilé-ìwé ńlá ìgboro lọ sí ilé-ìwé oníyàrá mẹ́ta ní etí omi, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò pé. Bí kò bá ní ìwé tàbí olùkọ́, àìní nìyẹn, ó sì yẹ kí a kígbe rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìní yàtọ̀ sí kíkéré. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.