Òkúta Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Ọkàn: Ìtàn Àìsàn Fáàfù Tó Ń Di Eegun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ rí òkúta nínú ilẹ̀kùn ọkàn, tó sì ṣí ìwé mẹ́ta wò, àfàìmọ̀ kó má bá ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pàdé. Ọ̀kan á ní 1646, òmíràn á ní 1663, ẹ̀kẹta á fo gbogbo rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti 1904. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ohun tó ń fa òkúta náà gan-an, ibẹ̀ ni wọn kì í ti í fohùn ṣọ̀kan rárá. Ìdí nìyí tí mo fi kó ọ̀rọ̀ náà jọ síbí, tí mo sì sọ èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú mi.

Ilẹ̀kùn tí à ń wí ni fáàfù aọ́tà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn bọ́ sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ lára. Awẹ́ mẹ́ta ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn tó mìlímítà kan, síbẹ̀ wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé, ní nǹkan bí 100,000 ìgbà lójúmọ́. Bó bá ṣí dáadáa, àyè tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá máa ń tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 3 sí 4. Bó bá ti wálẹ̀ kọjá 1, dókítà á ní ọ̀rọ̀ ti le. Kókó funfun líle ló máa ń hù sára awẹ́ náà, lápá ibi tó kọjú sí aọ́tà. Kálíṣíọ̀mù àti fọ́sífeètì ló para pọ̀ di kókó yìí, àwọn méjèèjì náà ló sì para pọ̀ di eegun.

Lazare Rivière, olùkọ́ ìṣègùn ní Montpellier nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n sábà máa ń fún ní ipò àkọ́kọ́. Aláìsàn rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyà tó ń já pàì pàì, ìlù iṣan ọwọ́ rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, tí wọ́n sì la òkú rẹ̀ wò, wọ́n bá kókó tó so jọ bí ìdì èso hazelnut, tó dí ẹnu aọ́tà pa. Ní ti ọdún tó ń dá ìjà sílẹ̀, Rivière kú ní 1655, àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ ló jáde ní 1663. Ẹni tó bá ní 1663 ni ó la òkú náà, kó ṣàlàyé fún wa bí òkú ṣe ń la òkú. 1646, ọdún tí ìwé àkíyèsí rẹ̀ jáde ní Paris, sún mọ́ òtítọ́ jù.

Lẹ́yìn rẹ̀, Théophile Bonet kọ̀wé ní 1679 nípa télọ̀ kan ní Paris tó kú lójijì, tí fáàfù rẹ̀ ti di eegun. William Cowper gbé irú rẹ̀ jáde ní London ní 1705, oníṣègùn Morgagni náà sì sọ ọ́ ní 1761. Oníṣègùn Laennec ṣe ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ ohùn àyà ní 1816, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbọ́ àìsàn náà lára alààyè. Ní 1855, Rudolf Virchow ṣàkíyèsí pé kálíṣíọ̀mù lè kúrò nínú eegun lọ jókòó sí ibòmíràn nínú ara. Èrò Virchow yìí sùn títí ó fi tún jí ní ọgọ́rùn-ún ọdún lé lẹ́yìn náà.

Níbi tí ìjà lórí ohun tó ń fa òkúta náà ti wá gbóná ni 1904. Johann Georg Mönckeberg, ará Jámánì, fi máíkírósíkóòpù yẹ awẹ́ fáàfù àwọn òkú wò. Ó rí i pé ọ̀rá àti kálíṣíọ̀mù máa ń kọ́kọ́ jókòó sí ìdí awẹ́ náà, láìsí àpá àìsàn àtijọ́ kankan. Ó ní ọjọ́ orí ló fà á, pé ara ló ń gbó. Ọ̀pọ̀ kò gbà fún un. Lójú tiwọn, ibà làkúrègbé, tó máa ń tẹ̀ lé ọ̀fun dídùn lára ọmọdé, ló ń fi àpá sílẹ̀, àpá náà ló sì ń di òkúta lọ́jọ́ alẹ́. Howard Karsner àti Simon Koletsky ní Cleveland kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1947, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru ibà yìí.

Ẹ̀rí wọn kò tẹ̀wọ̀n lójú mi. Àwọn ohun tí wọ́n kà sí àmì ibà náà, bí àpá tó nípọn àti òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó hù sínú awẹ́, fáàfù tó bá ti bàjẹ́ lọ́nà èyíkéyìí lè ní wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ibà làkúrègbé fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí pẹnisílíìnì dé, àmọ́ fáàfù olókùúta kò bá a lọ. Ṣe ló ń pọ̀ sí i bí àwọn èèyàn ṣe ń dàgbà sí i. Iṣẹ́ Jesse Edwards àti William Roberts sì fi hàn pé àwọn tí a bí pẹ̀lú awẹ́ méjì dípò mẹ́ta, bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, ni òkúta ń tètè mú. Ibà kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Kí òǹkàwé má ṣì mí gbọ́ o: ní Nàìjíríà, ibà làkúrègbé ṣì ni ọ̀tá fáàfù àwọn ọ̀dọ́ wa.

Síbẹ̀, Mönckeberg náà kò gba gbogbo máàkì. Ní 1994, Catherine Otto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle rí ọ̀rá pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àìsàn nínú fáàfù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́. Ní 2001, Emile Mohler yẹ fáàfù 347 tí wọ́n yọ lára aláìsàn wò. Nínú ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti lókùúta lára, eegun gidi ló bá, tòun ti mùdùnmúdùn. Ara tó kàn ń gbó kì í ṣe mùdùnmúdùn. Sẹ́ẹ̀lì inú fáàfù ló ti kọ́ iṣẹ́ eegun. Nítorí ọ̀rá tí Otto rí, àwọn oníṣègùn wá rò pé oògùn tó ń dín ọ̀rá kù yóò dá a dúró. Ìwádìí mẹ́ta dán an wò, SALTIRE ní 2005, SEAS ní 2008 pẹ̀lú aláìsàn 1,873, ASTRONOMER ní 2010: pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Ṣé ẹja kékeré tí à ń rún teegun-teegun àti mílíìkì ló wá ń di òkúta lọ́kàn? Rárá o. Ara kì í jẹ́ kí kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kúrò láàárín nǹkan bí 8.5 sí 10.5 milígíráàmù nínú désílítà kan. Bí oúnjẹ bá mú púpọ̀ wá, ìfun á dín èyí tó ń gbà kù, kíndìnrín á tọ ìyókù dànù. Ti oògùn kálíṣíọ̀mù oníhóró ni kò tíì parí: ìwádìí kan láti Cleveland ní 2022 rí i pé nǹkan le fún àwọn àgbà aláìsàn fáàfù tó ń lò ó ju àwọn tí kò lò ó lọ, àmọ́ ṣe ni wọ́n kàn ń wò wọ́n, wọn kò pín oògùn fún wọn láti dán an wò. Fọ́sífeètì ló yẹ ká máa ṣọ́. Kíndìnrín tó bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ kò lè lé e jáde mọ́, bó bá sì ti pọ̀ lẹ́jẹ̀, ó ń sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ara òpó ẹ̀jẹ̀ di oníṣẹ́ eegun. Fáàfù àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ máa ń di òkúta ní ọdún 10 sí 20 ṣáájú ti àwọn ẹlòmíràn. Ara ní ọlọ́dẹ tirẹ̀, purotéènì kan tó ń jẹ́ MGP. Ní 1997, àwọn eku tí wọ́n bí láìní in kú nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn di òkúta. Fítámì K ló ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Warfarin, oògùn tí ẹni tó ní fáàfù onírin gbọ́dọ̀ máa lò kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, ń dènà fítámì yìí kan náà.

Ní ti bí ayé ṣe ń rí fún aláìsàn fúnra rẹ̀, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ní 1968, John Ross àti Eugene Braunwald ka ọdún tó ṣẹ́ kù fún un: bí 5 bí àyà bá ń dùn ún, 3 bó bá ń dákú, 2 bí ọkàn bá ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún ni wọ́n kà, wọn kò ka ìgbádùn. Dwight Harken ti fi fáàfù àtọwọ́dá rọ́pò èyí tó bàjẹ́ ní 1960; ní 2002, Alain Cribier gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ gbé tuntun wọlé ní Rouen láìla àyà. Ìwé ìbéèrè KCCQ tí John Spertus gbé jáde ní 2000, tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀, ni wọ́n wá yá lò fún àwọn aláìsàn fáàfù. Ó ń bi aláìsàn bóyá ó lè wọṣọ, kó wẹ̀, kó gun àtẹ̀gùn láìdúró. Ó ń bi í iye ìgbà tó fi ìjókòó sùn tàbí tó kó ìrọ̀rí mẹ́ta léra ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Odo ló burú jù, 100 ló dára jù. Ìbéèrè yìí wúlò ju ti dókítà tó kàn ní, "Ṣé ara le?", nítorí ẹni tí èémí rẹ̀ ń kúrú á ti dẹ́kun àtẹ̀gùn gígùn, á sì dáhùn pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun.

Ti ẹnu àìpẹ́ yìí kò pọ̀. Oògùn eegun tí ìwádìí SALTIRE II dán wò (2021) kò dá òkúta dúró, fítámì K2 pẹ̀lú D tí àwọn ará Denmark fún ọkùnrin 365 (2022) kò dá a dúró. Ní 2024, ìwádìí EARLY TAVR, tó lo ọ̀nà Cribier, pín aláìsàn 901 tó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe àwọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n pààrọ̀ fáàfù apá kan lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ apá kejì. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ti gba fáàfù tuntun.