IṢẸ́ ÀYÀN NÍ AYÉ ÀTIJỌ́: ǸJẸ́ ALÁGBE NI ONÍLÙ?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kò sí onílù tí yóò fẹ́ kí ìlù òun ya. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ onílù ni ó ti fi ọwọ́ ara wọn gbé ìlù baba wọn kọ́ sí àjà, tí wọ́n sì ń tijú orúkọ tí ìlù fún wọn. Mo wà lára wọn. Àyàn ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ baba tí ó bí bàbá mi. Bàbá mi kò jẹ́ orúkọ Àyàn mọ́, èmi kò sì béèrè ìdí rẹ̀ rí títí mo fi lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Kwali.

Ní ọjọ́ kan, a wà níbi ìsọmọlórúkọ láàrin àwọn Yorùbá tí ń gbé ìlú náà. Bí onílù kan ti gbé gángan wọlé, ẹnì kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ wí pé, "Alágbe ti dé." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Onílù náà gbọ́; ó fi ìlù kí ìyá ọmọ, ó sì lọ dúró sí ẹ̀yìn. Ẹ̀rín tí mo rín ní ọjọ́ náà ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti rí láyé àtijọ́, kí a tó dá ẹjọ́.

Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ìlù

Agbo ilé ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Àyàngalú ni àwọn onílù gbà pé ó jẹ́ baba ńlá wọn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń sọ ọmọ: Àyántúndé, Àyánkúnlé, Àyándélé, Àyánwálé. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé náà.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ọmọ ń di onílù. Gúdúgúdú tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìlù kéékèèké ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Bílálà méjì ni a fi ń lu gúdúgúdú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti di ìró mú kí àwọn yòókù má baà ṣìnà. Bí ọwọ́ ọmọ ti ń dán ni yóò máa bọ́ sí orí kànnàǹgó, ìsáájú àti kẹríkẹrì. Ìyá ìlù, tí ṣaworo ń dún létí rẹ̀, ni ó kẹ́yìn, nítorí òun ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹni tí yóò lu ìyá ìlù gbọ́dọ̀ mọ oríkì àwọn ìdílé ìlú, òwe, ìtàn àwọn ọba tí ó ti wàjà, àti ẹni tí ó bí ẹni. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí èdè wa ní ni ìlù ń fara wé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ohùn wọn bára mu. Nítorí náà gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ ni onílù ń lò, kí ìtumọ̀ má baà dàrú. Bí ó bá ṣèèṣì fi oríkì ẹlòmíràn ki ẹlòmíràn, ẹ̀tẹ́ ńlá ni.

Ojú Iṣẹ́ Wọn

Iṣẹ́ ààfin kì í ṣe iṣẹ́ eré. Onílù ọba ni ó ń fi oríkì àwọn baba ńlá jí ọba láàárọ̀. Bí àlejò bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìlù ni yóò kọ́kọ́ sọ ẹni tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo lẹ́nu ìjòyè, onílù lè fi òwe lù ú kí ọba gbọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà ogun Ìjàyè (1860 sí 1862) àti ogun Kírìjì (1877 sí 1893), àwọn onílù a máa bá àwọn ológun lọ sí ibùdó, láti fi oríkì kì wọ́n láyà.

Ìlù kọ̀ọ̀kan sì ní ojúbọ tirẹ̀. Bàtá wà fún Ṣàngó àti egúngún, ìgbìn fún Ọbàtálá, àgẹ̀rẹ̀ fún Ògún àti àwọn ọdẹ, gbẹ̀du fún ọba. Dùndún ni ó gba ilé gbogbo ènìyàn wọ̀: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà àti ìwúyè.

Owó Ìlù

Ọ̀pọ̀ onílù ni ó tún ní oko, nítorí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni òde ń wà. Láyé owó ẹyọ, wọ́n ń gba owó, oúnjẹ àti aṣọ. Owó tí a bá sì lẹ̀ mọ́ iwájú orí ẹnì kan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan; wọn a kó o jọ, olórí a sì pín in bí ipò kálukú ti rí. Nínú rẹ̀ náà ni wọn yóò ti ra awọ ewúrẹ́ àti ọṣán tí wọn yóò fi tún ìlù ṣe.

Òótọ́ ni pé àwọn kan a máa lu ìlù dé ojúlé tí a kò pè wọ́n sí, wọn a sì fi ìlù bú ahun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tọrọ kò mú nǹkan kan wá. Onílù mú ìtàn ìdílé ẹni wá sí ẹnu ọ̀nà ẹni. Iṣẹ́ ni ó ṣe kí ó tó gba owó.

Bí Nǹkan Ti Yí Padà

Nígbà tí ìjọba òyìnbó dín agbára àwọn ọba kù, ọlá onílù ààfin dín kù pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ka ìlù sí ohun òrìṣà. Àwọn aáfà kan náà kò fẹ́ ẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ onílù. Ilé-ìwé sì gba ọmọ lọ́wọ́ baba ní àwọn ọdún tí ó yẹ kí ó fi kọ́ oríkì.

Síbẹ̀, ìlù kò kú. Ọba Adétóyèsè Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, tí ó jọba láti ọdún 1946 sí 1975, fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé nípa àwọn ìlù Yorùbá. Eré Dúró Ládiípọ̀, Ọba Kò So, tí ó jáde ní ọdún 1963, gbé bàtá àti dùndún dé ìlú Berlin ní ọdún 1964. Làmídì Àyánkúnlé ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lu ìlù àwọn baba rẹ̀ dé òkè òkun, ó sì kọ́ àwọn àjèjì.

Ní Kwali tí mo ti rẹ́rìn-ín yìí ni Ladi Kwali ti wá, obìnrin Gbagyi tí ó kọ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1984, àwòrán rẹ̀ sì ti wà lẹ́yìn owó ogún náírà láti ọdún 2007. Kò sí ẹni tí ó pè é ní alágbe. Owó yìí kan náà ni àwọn ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí onílù, tí wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Agbo ilé ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Kí ni ó dé tí a fi bu ọlá fún ọ̀kan, tí a sì ń fi èkejì rẹ́rìn-ín?

Nígbà tí mo padà sílé, mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi ìdí tí wọ́n fi yọ Àyàn kúrò nínú orúkọ wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Kì í ṣe èmi ni mo yọ ọ́. Tíṣà ni ó wí pé orúkọ alágbe ni, ó sì kọ òmíràn sínú ìwé."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ àwa náà ni yóò mú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Bí ọmọ kan bá dìde níwájú mi, tí ó wí pé Àyántúndé ni òun ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi yóò ṣe kọ ọ́.