Èdè Ìyá Nínú Kíláàsì: Ohun Tí Mọdákẹ́kẹ́ Kọ́ Wa

Bí wọ́n bá bi wá nípa ìkọ́ni tó fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú, orúkọ àwọn òyìnbó la máa ń kọ sínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ilé wa náà ní ìtàn tirẹ̀.

Láyé ọjọ́un, ọdún 3 péré ni wọ́n fi ń lo Yorùbá fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba gbogbo iṣẹ́. Ọmọ tó ti ń béèrè ọ̀rọ̀ á dákẹ́, á wá máa há ohun tí kò yé e sórí.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní St. Stephen's "A", Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 gbáko. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún wọn, tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó gba ọ̀nà àtijọ́, àwọn ló ta yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì jó rẹ̀yìn.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè ìyá fún ọdún 6 náà. Ní 2025, wọ́n fagi lé e.

Òfin lè yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lóye ẹ̀kọ́ kò yí. Ẹ̀yin tí ẹ ó di tíṣà lọ́la, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: ṣé ó yé ọmọ?