Ìtàn Àmì Àṣẹ Láàárín Àwọn Ẹ̀rọ

Bí àwọn àgbà bá jókòó sí ìgbìmọ̀, ẹnì kan ní í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan; bí gbogbo wọn bá lanu pa pọ̀, ariwo ni yóò dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń fi wáyà kan ṣoṣo bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ àti ilé ìwádìí 21 ní ilẹ̀ Jámánì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan láti tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Èso iṣẹ́ wọn ni Profibus. Wọ́n dá àmì àṣẹ kan sílẹ̀, tí àwọn ẹ̀rọ olórí ń gbà lọ́wọ́ ara wọn yípo. Ẹni tí àmì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ọmọ-ọ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn àfi bí a bá bi í léèrè.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá di àmì mú tí kò fi sílẹ̀ ńkọ́? Nítorí èyí ni wọ́n fi dá àkókò tí àmì gbọdọ̀ fi yípo tán. Olórí tí ó bá gbà á yóò wo iye àkókò tí ó ti kọjá láti ìgbà tí ó ti gbà á kẹ́yìn. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni yóò ná. Bí kò bá ṣẹ́kù rárá, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì kan ṣoṣo ni ó lè sọ, kí ó sì gbé àmì fún ẹni tí ó kàn. Bí àkókò yìí bá kúrú jù, ọ̀rọ̀ lásán kò ní ráàyè. Bí ó bá gùn jù, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì yóò pẹ́ lọ́nà.

Ìwọ̀n kejì ni sùúrù, èyíinì ni àkókò tí olórí fi ń dúró de èsì. Bíìtì ni wọ́n fi ń kà á. Lórí wáyà tí ń gbé bíìtì 9,600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n fi í sí bíìtì 100. Nígbà tí eré wáyà di mílíọ̀nù 12, wọ́n sọ ọ́ di 1,000. Ẹni tí kò bá ṣírò yóò ní sùúrù wọn ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Rárá o! Àkókò bíìtì kan ti kúrú sí i ní ìlọ́po 1,250, nítorí náà sùúrù ọ̀hún kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti àtijọ́. Bí ó bá ṣe pé wọ́n fi í sílẹ̀ ní 100 ni, ẹ̀rọ tí ń ronú lọ́wọ́ ni wọn ì bá máa kà sí òkú, tí iṣẹ́ ì bá sì dúró.

Ní ọdún 1996, Profibus di ara ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ olórí kún wáyà kò gbọdọ̀ ṣàìtún ìṣirò yìí ṣe. Wáyà lè sáré bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tí a bi léèrè kò lè ṣàìronú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.