Ọ̀tà Àwórì: Ìlú Ojú Ọ̀nà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ àti Yewa ni ó máa ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu láti dárúkọ. Àwórì kì í tètè wá sí wọn lọ́kàn. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ìlú Ẹ̀gbá ni Ọ̀tà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwórì ni ará Ọ̀tà. Ọlọ́tà ni ọba wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé Ògúnfúnmínire gbé àwo lé ojú omi, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e títí ó fi rì ní agbègbè Ìṣẹ́rí, létí odò Ògùn. "Àwo ti rì" ni wọ́n ní ó di Àwórì.

Ogun ni ó bí àṣìṣe yìí. Lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830, wọ́n ń wá ọ̀nà dé etí òkun, níbi tí ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wọlé. Ojú ọ̀nà náà gan-an ni Ọ̀tà wà. Ní 1842 ni wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, tí wọ́n sì fi í sí abẹ́ àṣẹ wọn. Wọ́n dó ti Adó pẹ̀lú títí di 1853, ṣùgbọ́n apá wọn kò ká a. Ìlú méjèèjì yìí ni a pa pọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ kan, Adó-Odò/Ọ̀tà, ní 1989.

Ọ̀nà kan náà ni ó fa àwọn ilé-iṣẹ́ wá láti ìparí àwọn ọdún 1970. Kì í ṣe pé a wa góòlù tàbí epo níbẹ̀. Èkó ni ó wà nítòsí, ilẹ̀ sì pọ̀ ju ti Èkó lọ. Ní Sángo, ọ̀nà kan gba Abẹ́òkúta lọ, èkejì sì gba Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò, ní ẹnubodè Benin. Irin, ike, oògùn àti ohun jíjẹ ni wọ́n ń ṣe níbi tí ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ti wà tẹ́lẹ̀. Ní àdúgbò bí Ilo-Awela, àlejò tí iṣẹ́ gbé wá kò kéré. Owó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò Àtùwarà jẹ nínú ìyà rẹ̀: àwọn olùwádìí ti yẹ omi rẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì rí i pé ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń bà á jẹ́.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ọ̀tà lókìkí, pàápàá nítorí àwọn agbẹ́gilére rẹ̀; UNESCO sì ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá aráyé láti 2001. Ẹ̀ka èdè Àwórì kò rí irú olùgbèjà bẹ́ẹ̀. Yorùbá ajùmọ̀lò ni ọmọ onílé àti ọmọ àlejò jọ ń sọ ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ọjà Sángo, òun náà ni a sì fi ń ṣe ìdánwò. Ẹnu àwọn àgbà ni Àwórì ti ń dún jù.