Ẹ̀lẹ́kítíróòdù nínú ẹ̀rọ MHD (magnetohydrodynamics)
Àwọn àwo tó ń gba iná mànàmáná jáde lára gáàsì gbígbóná tó ń sáré kọjá láàárín òòfà ńlá. Gáàsì náà máa ń gbóná tó nǹkan bí 2,500 ìwọ̀n Celsius. Wọ́n ń po pòtásíọ̀mù mọ́ ọn kí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ojú àwo gan-an ni wàhálà wà. Bí àwo bá tutù, gáàsì tó lẹ̀ mọ́ ọn á tutù pẹ̀lú, iná ò sì ní rọ́nà gbà, àfi kó máa kọ yẹ̀rì lójú kan, kó máa jẹ irin náà. Bó bá gbóná, ẹ̀lẹ́kítíróònù á máa tú jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n èlò wo ni ò ní bà jẹ́? Wọ́n dán zirconia, èlò kan tó ń fara da ooru, wò. Ẹ̀rọ MHD kan tí wọ́n ń pè ní U-25 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Moscow lọ́dún 1971.